Oòrùn Kì Í Gba Àwo Igi Lọ́wọ́ Sísán

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ àwo igi gbà pé omi inú igi ló ń mú kí àwo là, wọ́n sì gbà pé bí a bá ti sá ìtì igi sí oòrùn títí omi náà fi tán, kò sí ohun tí yóò ṣe àwo tí a bá fi í ṣe mọ́. Ó máa ń dùn mí púpọ̀ bí mo bá rí ìtì apá tàbí ìrókò tó dára tí wọ́n tò síta gbangba nítorí ìgbàgbọ́ yìí, nítorí pé oòrùn yẹn gan-an ni yóò là á kí irin tó kàn án.

Ọ̀nà méjì ni omi gbà wà nínú igi tútù. Òmíràn wà nínú ihò tín-ín-tìn-ìn-tín inú igi, òmíràn sì ti wọ ara ògiri àwọn ihò náà. Bí ti inú ihò bá ń jáde, igi kàn ń fúyẹ́ ni. Ìgbà tí omi bá lọ sílẹ̀ dé nǹkan bí ìdá 30 nínú 100 ìwọ̀n igi gbígbẹ ni ti ara ògiri ń bẹ̀rẹ̀ sí jáde, ìgbà náà ni igi sì ń bẹ̀rẹ̀ sí súnkì. Ìtì tí a sá sí oòrùn, òde rẹ̀ yóò ti gbẹ kọjá ìwọ̀n yìí nígbà tí inú rẹ̀ ṣì tutù rinrin. Òde fẹ́ súnkì, inú kò gbà fún un, òde a sì ya.

Ojú ibi tí ayùn ti gé ìtì ló léwu jù, nítorí pé ibẹ̀ ni omi ti ń yára jáde jù. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọ iṣẹ́ fi ń fi ìda yíyọ́ tàbí ọ̀dà tó ki kun ojú méjèèjì lọ́jọ́ tí wọ́n bá gé igi náà, tí wọ́n sì ń la ìtì sí méjì, tí wọ́n ń gé àárín gbùngbùn rẹ̀ dànù. Nínú ọ̀pọ̀ igi, bí igi ṣe ń súnkì yí ìtì ká tó ìlọ́po méjì bó ṣe ń súnkì láti èèpo sí àárín: nǹkan bí ìdá 8 nínú 100 yí ìtì ká, àti nǹkan bí ìdá 4 láti èèpo sí àárín. Èyí ló ń sọ àwo róbótó di gbọọrọ. Kò sí ọgbọ́n tó lè dá wíwọ́ yìí dúró pátápátá, àyè ni oníṣẹ́ ń fi sílẹ̀ fún un.

Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń yí àwo lẹ́ẹ̀mejì lórí ẹ̀rọ tó ń yí igi po bí oníṣẹ́ ṣe ń fi irin gbẹ́ ẹ. Ní tútù, wọ́n á jẹ́ kí ara rẹ̀ nípọn tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ìbú rẹ̀, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 3 fún àwo tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 30, kí ó sì dọ́gba láti ẹnu dé ìdí. Wọ́n á fi sínú àpò bébà pẹ̀lú èérún igi rẹ̀, sí ibòòji, fún oṣù mélòó kan. Nígbà tí òṣùwọ̀n bá fi hàn pé ìwúwo rẹ̀ kò dín mọ́, wọ́n á dá a padà sórí ẹ̀rọ, wọ́n á gé ibi tó wọ́ kúrò. Àwọn agbẹ́gilére ilẹ̀ Yorùbá náà, tí kì í lo ẹ̀rọ, igi tútù ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀: ọnà lílé (gígé ìrísí rẹ̀ jáde ní gbàrà) àti alétúnlé (títún ìrísí náà ṣe) ń ṣáájú dídán (mímú ara rẹ̀ jọ̀lọ̀) àti fínfín (gígé ọnà wẹ́wẹ́ sí i lára).

Àwo tó ti gbẹ náà ṣì ń mu omi láti inú afẹ́fẹ́, ó sì ń dá a padà. Nínú afẹ́fẹ́ tí ọ̀rinrin rẹ̀ tó ìdá 80 nínú 100, omi inú igi máa ń dúró ní nǹkan bí ìdá 16. Bí ọ̀rinrin bá já sí ìdá 30, bíi ti ìgbà ọyẹ́ tàbí ti ilé tí wọ́n ń mú gbóná nígbà òtútù ní Lọ́ńdọ̀nù, ó lè já sí ìdá 6. Ẹni tó bá ń ṣe àwo tí yóò lọ sí irú ilé bẹ́ẹ̀ ní láti jẹ́ kí ó gbẹ súnmọ́ ìwọ̀n yẹn kí ó tó yí i lẹ́ẹ̀kejì, nítorí pé epo tí wọ́n fi ń pa á lára kàn ń dín ìyára omi kù ni, kò lè dí ọ̀nà rẹ̀.