Bí ìpínsísọ̀rí àwọn ẹranko afọmúbọ́mọ ṣe ń yí padà

Ìpínsísọ̀rí àwọn ẹranko afọmúbọ́mọ ni ètò tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fi ń to àwọn ẹranko tó ń fún ọmọ wọn lọ́mú sí ẹ̀yà, ìran, ẹbí àti ọ̀wọ́. Ẹ̀yà ló kéré jù. Ẹ̀yà tó tan mọ́ra ń di ìran, ìran ń di ẹbí, ẹbí ń di ọ̀wọ́, bí ilé ṣe ń di agboolé, tí agboolé sì ń di àdúgbò ní Ìbàdàn. Ètò náà kì í dúró sójú kan. Láti 1758 ni wọ́n ti ń kó ẹranko kan kúrò ní ẹbí kan lọ sí òmíràn, tí wọ́n ń pín ẹ̀yà kan sí méjì tàbí kí wọ́n da méjì pọ̀. Ẹranko náà kò yí padà. Ẹ̀rí tó wà nípa rẹ̀ ló ń pọ̀ sí i: egungun, eyín, ohùn, àti láti ìparí ọ̀rúndún ogún, DNA, ìyẹn ohun inú ara tó ń gbé àbùdá òbí dé ara ọmọ.

Kò ṣeku, kò ṣẹyẹ

Kí ìwé tó dé, Yorùbá ní ètò tirẹ̀. Eku, ẹja, ẹyẹ àti ẹran ni a máa ń kà bí a bá ń dárúkọ ohun ẹbọ. Ibi tí nǹkan ń gbé, bó ṣe tóbi tó àti ohun tí a ń fi í ṣe ni ètò náà ń wò. Àdán nìkan ni kò ríbi jókòó dáadáa nínú rẹ̀, ìyẹn la ṣe ń sọ pé ẹni tí kò ṣeé dì mú síbì kan kò ṣeku, kò ṣẹyẹ, ó ń ṣe bí àdán.

Carl Linnaeus, ará Swídìn, bá wàhálà àdán yìí kan náà pàdé. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ló kọ́kọ́ ń pe gbogbo àwọn ẹranko wọ̀nyí. Ní 1758 ló sọ wọ́n ní Mammalia, láti ara ọ̀rọ̀ Látìn tó túmọ̀ sí ọmú, ó sì kó àbùùbùtán inú òkun kúrò láàárín ẹja wá sọ́dọ̀ wọn. Ó wo àdán, ó rí ọmú méjì láyà rẹ̀, ó bá fi í sínú ọ̀wọ́ kan náà pẹ̀lú ọ̀bọ àti ènìyàn. Ibẹ̀ kọ́ ló ń gbé lónìí. Ọ̀wọ́ tirẹ̀ ló dá ní, DNA sì fi hàn pé ẹ̀ka tí ẹṣin, màlúù, ajá àti akíkà ti yọ ni òun náà ti yọ.

Òyà àti òkété

Òyà tí wọ́n ń yan tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì márosẹ̀ tó jáde láti Ìbàdàn wọ inú ìwé ní 1827, nígbà tí Temminck, ará Nẹ́dálándì, pè é ní Aulacodus swinderianus. Òfin ìsọlórúkọ kò gbà kí ìran ẹranko méjì máa jẹ́ orúkọ kan náà. Ẹni tó kọ́kọ́ jẹ́ ẹ ló ni ín. Kòkòrò kan sì ti ń jẹ́ Aulacodus ṣáájú. Ni òyà bá di Thryonomys ní 1867. Síbẹ̀, ní orílẹ̀-èdè Benin tó múlé tì wá, aulacode ni àwọn tó ń sìn ín ń pè é ní Faransé títí di òní. Òfin yẹn kò dé ọjà.

Ta ni ìbátan rẹ̀? Bí a bá bọ́ ẹran kúrò lára agbárí òyà, a ó rí ihò ńlá kan níwájú ojú lọ́tùn-ún àti lósì, tí iṣan àgbọ̀n gba inú rẹ̀ kọjá. Ti eku ilé kò gbòòrò tó bẹ́ẹ̀. Ti òòrẹ̀ ló gbòòrò bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ òòrẹ̀ ni wọ́n sì to òyà sí, DNA náà sì gbè wọ́n lẹ́yìn.

Òkété ní tirẹ̀ kò kúrò lágboolé eku rí, yàrá ló kàn ń pààrọ̀. Waterhouse, onímọ̀ ẹranko ará Gẹ̀ẹ́sì, sọ ọ́ ní Cricetomys gambianus ní 1840. Lónìí, inú ẹbí kan pẹ̀lú àwọn eku erékùṣù Madagascar ni wọ́n kà á sí. Fún ìgbà pípẹ́, ẹ̀yà méjì ni wọ́n gbà pé ó wà, ti ọ̀dàn àti ti igbó kìjikìji. Ní 2012, Ayodeji Olayemi ti Yunifásítì Obafemi Awolowo ní Ilé-Ifẹ̀ àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ wọn agbárí, wọ́n yẹ DNA wò, wọ́n sì rí i pé ẹ̀yà òkété ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa.

Irú iṣẹ́ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ orúkọ lásán. Eku tó ń gbé àìsàn ibà Lassa kiri ti jẹ́ Rattus rí kí ó tó di Mastomys natalensis. Nígbà tó di 2016, wọ́n tún rí kòkòrò àìsàn náà lára Hylomyscus pamfi ní Nàìjíríà, eku tí kò tíì lórúkọ rárá títí di 2010.

Ọrùn ẹsẹ̀ ewúrẹ́

Ẹni tó bá ti jẹ ẹsẹ̀ ewúrẹ́ tán, tó sì fara balẹ̀ wo egungun ọrùn ẹsẹ̀ náà, á rí egungun kékeré kan tó ní ojú yíyọ̀ bíi kẹ̀kẹ́ okùn lókè àti nísàlẹ̀. Ẹranko onípátákò méjì nìkan ló ní irú rẹ̀. Ní 2001, wọ́n kéde pé wọ́n rí egungun yìí kan náà lára àwọn baba ńlá àbùùbùtán tó kú sínú òkúta ní Pakistan láìmọye ọdún sẹ́yìn, nígbà tí wọ́n ṣì ní ẹsẹ̀. Ṣáájú ìgbà náà ni DNA ti ń sọ pé erinmi ni ìbátan tó sún mọ́ àbùùbùtán jù láàárín àwọn tó wà láàyè. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá ti lo "erinmi ńláńlá" fún ẹran ńlá inú òkun ní Jẹ́nẹ́sísì 1:21. Wọn kò kúkú mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìbátan ni àwọn ń sọ.

Ìnàkí

Ọgbà ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ní 1948 gẹ́gẹ́ bí ilé ẹranko kékeré fún ẹ̀kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ní 1974 ló di ọgbà ńlá. Láàárín àkókò tí ọgbà náà ti wà, ẹbí tí ìnàkí wà ti yí padà. Ẹbí ọ̀tọ̀ ni wọ́n fi gòrílà àti ṣinpansí sí tẹ́lẹ̀, Pongidae, kí ènìyàn lè dá dúró. Nígbà tí DNA fi hàn pé ṣinpansí sún mọ́ ènìyàn ju bó ṣe sún mọ́ gòrílà lọ, ògiri yẹn wó, gbogbo wọn bọ́ sínú ẹbí ènìyàn, Hominidae. Ti ṣinpansí Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù tún yàtọ̀: vellerosus ni ìsọ̀rí rẹ̀ lábẹ́ ẹ̀yà ṣinpansí ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ní 2009 wọ́n sọ ọ́ di ellioti, torí wọ́n rí i pé òkú ẹran tí wọ́n fi sọ orúkọ àkọ́kọ́ kò wá láti agbègbè yìí rárá.

Iye wọn

Ìwé àkójọ tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ ń tẹ̀ lé ka ẹ̀yà 4,629 ní 1993, ó ka 5,416 ní 2005. Àkójọ mìíràn tó jáde ní 2018 ka 6,495. Èyí tó pọ̀ jù nínú àlékún náà kì í ṣe ẹran tí ẹnikẹ́ni ṣẹ̀ṣẹ̀ rí nínú igbó, ẹ̀yà tí wọ́n pín ni. Erin wà nínú irú rẹ̀: ní 2021, IUCN, àjọ àgbáyé tó ń mójú tó ìdáàbòbò ẹranko àti ewéko, bẹ̀rẹ̀ sí í ka erin igbó, irú èyí tó wà ní igbó Ọmọ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, sọ́tọ̀ kúrò lára erin ọ̀dàn.

Òfàfà

Òfàfà ni ẹranko tí ètò yìí dà láàmú jù. Orí igi ló ń gbé, kò fi bẹ́ẹ̀ ju ehoro lọ, ìrù rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ìbátan rẹ̀ tó ń gbé orí àpáta ní gúúsù Áfíríkà ni Pallas, onímọ̀ ẹranko ará Jámánì, kọ́kọ́ kọ sílẹ̀ ní 1766, ó sì pè é ní Cavia, orúkọ ìran guinea pig, ẹranko kékeré kan tó tan mọ́ eku. Cuvier, onímọ̀ ẹranko ará Faransé, wo egungun, ó ní àgbáńréré ló jọ. Èékánná rẹ̀ pẹlẹbẹ bíi pátákò kéékèèké, eyín iwájú rẹ̀ méjì lókè sì ń gùn láìdúró. Eyín iwájú bẹ́ẹ̀ ló di eyín erin lẹ́nu erin. DNA fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé erin ni ìbátan rẹ̀ lóòótọ́, ní 1998 sì ni wọ́n fún gbogbo agbo náà, láti erin dé òfàfà, ní orúkọ Afrotheria.

Ohùn ló tún yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà lẹ́ẹ̀kan sí i. Àwọn onímọ̀ ẹranko, John Oates, Simon Bearder àti àwọn ẹgbẹ́ wọn, gba igbe òfàfà sílẹ̀ lóru káàkiri Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ìwọ̀-oòrùn odò Volta àti ìlà-oòrùn Odò Ọya, ó ń han goro. Láàárín odò méjèèjì, níbi tí ilẹ̀ Yorùbá wà, ó ń gbó bí ajá. Wọ́n padà sí agbárí, wọ́n rí i pé ti àárín odò kúrú, ó sì fẹ̀. Ní 2021 wọ́n sọ ọ́ ní Dendrohyrax interfluvialis, èyí tó ń gbé láàárín odò méjì. Agbárí rẹ̀ ti wà nínú àpótí àwọn mùsíọ́ọ̀mù tipẹ́, pẹ̀lú orúkọ òfàfà mìíràn, Dendrohyrax dorsalis, lára wọn.