Ìtọ́jú ìdọ̀tí ilé ní abúlé ilẹ̀ Yorùbá

Ìtọ́jú ìdọ̀tí ilé ní abúlé ilẹ̀ Yorùbá jẹ́ iṣẹ́ tí agbolé kọ̀ọ̀kan ń ṣe fúnra rẹ̀, nítorí ọkọ̀ akólẹ̀ kì í sábà dé ibẹ̀. Òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 ka kíkó ìdọ̀tí mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, ṣùgbọ́n ìgboro ni ètò náà sábà ń mọ sí.

Ẹ̀yìnkùlé ni ààtàn máa ń wà láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ń da ilẹ̀ tí wọ́n bá gbá láàárọ̀ sí, pẹ̀lú eérú ààrò, èèpo iṣu, ewé ẹ̀kọ àti ìgbẹ́ ewúrẹ́. Gbogbo rẹ̀ ń jẹrà, ilẹ̀ ibẹ̀ á dúdú, á sì lọ́ràá débi pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti tẹ̀tẹ̀ tí ó bá hù níbẹ̀ máa ń gbèrú ju ti oko lọ. Ohun púpọ̀ kì í tilẹ̀ dé ààtàn: èèpo gbágùúdá tí wọ́n sá sóòrùn kí májèlé inú rẹ̀ lè dín kù, oúnjẹ ewúrẹ́ ni, eérú èèpo kòkó sì ni wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ dúdú.

Ọ̀rá àti ike ló da ètò yìí rú. Ọ̀rá omi kì í jẹrà bí ewé. Inú ilẹ̀ ni ó máa ń wà, tí kì í jẹ́ kí omi ráyè wọlẹ̀ dáadáa. Ewúrẹ́ tí ó bá gbé e mì pẹ̀lú àjẹkù oúnjẹ lè kú, nítorí ṣe ni ọ̀rá náà yóò wé mọ́ra nínú ikùn rẹ̀, tí ewúrẹ́ náà kò ní lè jẹun mọ́. Agolo àti táyà tí omi òjò dúró sí ń di ibi tí ẹ̀fọn ń yé sí. Àjẹkù oúnjẹ ń fa eku wá sí ìtòsí ilé, ewu ńlá sì ni èyí jẹ́ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, níbi tí ibà Lassa, àrùn tí eku ń kó ran ènìyàn, tí wọ́n kọ́kọ́ dá mọ̀ ní ọdún 1969, ti máa ń jà.

Dídáná sun gbogbo rẹ̀ pọ̀ ni ó wọ́pọ̀ jù, òun náà ni ó sì burú jù. Èéfín ike ní májèlé nínú, eérú rẹ̀ kò sì yẹ ní oko. Láti ilé ìdáná ni ó ti yẹ kí wọ́n ti ya ohun tí ń jẹrà sọ́tọ̀. Wọn yóò tò ó ní ìpele ìpele pẹ̀lú koríko gbígbẹ, wọn yóò máa wọ́n omi sí i, wọn yóò sì máa yí i. Inú rẹ̀ lè gbóná dé 55 sí 65 °C, tí yóò fi di ajílẹ̀ láàárín oṣù díẹ̀. Ọ̀rá omi tí wọ́n fọ̀ ṣeé gbin irúgbìn kòkó sí, ike sì ṣeé rọ epo sí tàbí kí wọ́n kó o jọ fún àwọn tí ń rà á. Bátìrì tọ́ọ̀ṣì kò gbọdọ̀ wọ iná, nítorí ó lè bú gbàù. Inú ike tí ó ní ìdérí ni kí wọ́n kó o sí. Ìlédìí ọmọ onírọ́bà ni ó ṣòro jù nínú gbogbo rẹ̀: kòtò jíjìn tí ó fi 30 mítà jìnnà sí kànga, tí ó sì wà ní apá ìsàlẹ̀ kànga náà níbi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ́, ni wọ́n lè sin ín sí, kí wọ́n sì máa fi erùpẹ̀ bò ó ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá dà á.