Ó ń ka oókan dé ọgọ́rùn-ún, ṣùgbọ́n kò mọ mẹ́ta àti méjì

Kíláàsì kìíní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ń kọ́ ní Ìlọrin. Ẹnu ọ̀nà kíláàsì ni àwọn ìyá ti máa ń bi mí ní àwọn ìbéèrè yìí, nígbà tí wọ́n bá wá mú ọmọ lọ́sàn-án, tí oòrùn ń ta, tí kò sí àyè láti dáhùn dáadáa. Mo wá jókòó tì wọ́n.

Ìbéèrè: Àǹtí, ọmọ mi ń ka oókan dé ọgọ́rùn-ún láìṣì. Kí ló dé tí kò mọ iye tí mẹ́ta àti méjì jẹ́?

Orin ló ń kọ, kò tíì máa ka nǹkan. Bí ọmọ ilé kéú ṣe lè ké súrà látòkèdélẹ̀ kó tó mọ ìtumọ̀ rẹ̀ ni. Nírọ̀lẹ́ òní, ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ sílẹ̀, kí ẹ ní kó kó méje fún yín. Ìka rẹ̀ ni kí ẹ máa wò. Bí ẹnu bá ń sáré ju ìka lọ, tó fo òkúta kan tàbí tó ka ẹyọ kan lẹ́ẹ̀mejì, ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Bó bá kó méje pé, ẹ bi í pé, "Mélòó ni gbogbo ẹ̀?" Bó bá tún bẹ̀rẹ̀ láti oókan, kò tíì mọ̀ pé nọ́ńbà tó pè gbẹ̀yìn ni iye gbogbo wọn. Ní 1978, Rochel Gelman àti C. R. Gallistel, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, kọ àwọn ìlànà kíkà yìí sílẹ̀: kí ohun kan gba orúkọ kan péré, kí ètò orúkọ má yí padà, kí ti ìgbẹ̀yìn dúró fún gbogbo wọn. Kí ẹ má tíì dárúkọ àròpọ̀ títí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò fi dúró.

Ìbéèrè: Tèmi mọ̀ ọ́n kà. Ṣùgbọ́n bí mo bá fún un ní márùn-ún àti mẹ́ta, ó tún ń bẹ̀rẹ̀ láti oókan.

Gbogbo ọmọ ló ń gba ibẹ̀ kọjá. Ife ni ẹ ó fi ràn án lọ́wọ́. Mo ka òkúta márùn-ún lójú ọmọkùnrin kan, mo fi ife dé e, mo kó mẹ́ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ ife. Ó ṣí ife, ó ka márùn-ún, ó dé e padà. Ó tún ṣí i. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó kàn gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ìdí ife, ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní "márùn-ún", ó wá ń fọwọ́ kan àwọn ti ìta: "mẹ́fà, méje, mẹ́jọ." N kò sọ fún un pé kó ṣe bẹ́ẹ̀. Òkúta tí ojú rẹ̀ kò tó mọ́ ló jẹ́ kó gbé márùn-ún sórí.

Ìbéèrè: Àyọkúrò ńkọ́? Ìgbà mìíràn ó gbà á, ìgbà mìíràn bíi pé kò gbọ́ ọ rí.

Ohun mẹ́ta ló wà nínú àyọkúrò, ọ̀kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ wa ń kọ́ wọn. "Mo ní kúlíkúlí mẹ́jọ, mo jẹ mẹ́ta": ìyẹn rọrùn, ọwọ́ á kó mẹ́ta kúrò. Ẹ wá gbọ́ èkejì: "Mo ní mẹ́jọ, ìwọ ní mẹ́ta. Mélòó ni tèmi fi ju tìẹ lọ?" Ọmọ á ní mẹ́jọ. Kò sí ohun tó lọ, ọwọ́ kò rí nǹkan mú kúrò. Ẹ to kúlíkúlí méjèèjì sí ìlà, kí ọ̀kan kọjú sí ọ̀kan. Mẹ́ta á rí ẹnì kejì wọn, márùn-ún á dá dúró, òun fúnra rẹ̀ á sì fọwọ́ lé wọn. Ẹ̀kẹta ni: "Mẹ́ta wà nílẹ̀, mélòó ni a ó fi kún un kó pé mẹ́jọ?" Àmì kan náà ni ìwé fi ń kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó máa ń dùn mí tí a bá kọ́ ọmọ ní ẹyọ kan, tí a fi méjì yòókù dán an wò, tí a wá pè é ní olódo.

Ìbéèrè: Yorùbá ni kí n fi kọ́ ọ nílé ni, àbí Gẹ̀ẹ́sì?

Ẹ fi Yorùbá bẹ̀rẹ̀. Kíréètì ẹyin onípáálí ní ihò 30, márùn-ún lọ́nà mẹ́fà. Ẹ gé e sí mẹ́ta kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ihò mẹ́wàá. Ẹ kó kọ́ọ̀kì ìgò mínírà kún méjì, ogún nìyẹn. Ẹ ní kó yọ mẹ́rin láti ẹ̀yìn. Èyí tó kù ni mẹ́rìndínlógún: mẹ́rin dín ní ogún. Á rí ihò mẹ́rin tó ṣófo, á sì gbọ́ "dín" nínú orúkọ náà. Ẹ dá mẹ́rin padà, kí ẹ fi ẹyọ kan sínú páálí kẹta: mọ́kànlélógún, ọ̀kan lé ní ogún. Gẹ̀ẹ́sì gba ọ̀nà mìíràn dé ibi mẹ́rìndínlógún, mẹ́fà lórí mẹ́wàá ló pè é. Páálí kan náà ló ń fi ìyẹn hàn: ọ̀kan kún, mẹ́fà wà nínú èkejì. Ní 1970, Babs Fafunwa, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ètò ẹ̀kọ́, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Ilé-Ifẹ̀, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìṣirò wà nínú rẹ̀. Ohun tí mò ń sọ yìí kì í ṣe tuntun.

Ìbéèrè: Ṣé kí n jẹ́ kó máa fìka kà?

Bẹ́ẹ̀ ni. Tísà mi kan fi rúlà gbá mi níka nítorí pé mò ń kà lábẹ́ tábìlì. Mi ò yéé kà, mo kàn kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi pamọ́ ni.

Ìbéèrè: Kí ni kí n rà?

Ẹ má ra nǹkan kan. Bí ọpọ́n ayò bá wà nílé bàbá àgbà, ihò 12 ni, ọmọ ayò mẹ́rin mẹ́rin, 48 ti délé. Ọwọ̀ tó já náà wúlò: ẹ gé e wẹ́wẹ́, kí ẹ di mẹ́wàá mẹ́wàá pẹ̀lú rọ́bà. Bí àbúrò tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta bá wà nílẹ̀, ẹ fi ọmọ ayò àti kọ́ọ̀kì sínú agolo tó ní ìdérí, nítorí ẹnu àti ihò imú ni irú wọn ń kó o sí. Tí ẹ bá ń kó o wọlé, ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n kà á sínú agolo. Bí ó bá ku ẹyọ méjì, òun ni yóò sọ fún yín.