Òrí Kì í Ṣe Ìpara Oòrùn

Ẹni tí ara rẹ̀ máa ń kọ nǹkan, tí àléfọ́ ń yọ lẹ́nu, tí ìpara tuntun kan ṣoṣo lè mú kí ojú rẹ̀ wú kí ilẹ̀ tó mọ́, kì í pẹ́ kí wọ́n tó gbà á nímọ̀ràn pé: "Jù gbogbo kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní ìpara oòrùn yẹn nù. Òrí ni kí o máa fi para, oòrùn kankan ò ní lè mú ọ." Ìdajì ìmọ̀ràn yìí dára púpọ̀. Ìdajì kejì ni ó ń fi àpá dúdú sílẹ̀ lójú àwọn ènìyàn, tí ó sì ń ti àwọn kan lọ sídìí ìpara tí ń bóra.

Èyí tó dára níbẹ̀ ni pé òrí kì í jẹ́ kí omi inú awọ gbẹ. Tí ẹ bá wẹ̀ tán, tí ara ṣì tutù díẹ̀, tí ẹ wá fi òrí tí kò ní lọ́fínńdà pa á, àléfọ́ tó gbẹ yóò rọ̀, yíyún rẹ̀ yóò sì dínkù. Nígbà ọyẹ́, nǹkan díẹ̀ ló ṣe é jù ú lọ. Òótọ́ ni pẹ̀lú pé àwọn èròjà kan wà nínú òrí tí wọ́n ń gba díẹ̀ lára ìtànṣán oòrùn dúró. Ibẹ̀ ni àwọn tí ń polówó ọjà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ti mú ọ̀rọ̀, tí wọ́n wá fà á gùn ju bó ṣe mọ lọ.

Oríṣi ìtànṣán méjì ni ó ń ba awọ jẹ́. UVB ni ó ń jó òkè awọ, òun sì ni nọ́ńbà SPF tí ẹ ń rí lára ike ìpara ń wọ̀n. SPF 15 ń dá nǹkan bí ìdá 93 nínú 100 UVB dúró, SPF 30 ń dá nǹkan bí 97 dúró, SPF 50 ń dá nǹkan bí 98. Òrí, àdín àgbọn àti òróró ólífì kò sún mọ́ 15, ká má tíì sọ 30. UVA ni èkejì. Ó ń wọlé jìn ju UVB lọ, ó ń gba inú gíláàsì ọkọ̀ àti ti fèrèsé kọjá, òrí kò sì rí nǹkan gidi ṣe sí i. Awakọ̀ tó fi òrí para, tó sì gbé gíláàsì sókè látàárọ̀ ṣúlẹ̀, kò tíì bọ́ lọ́wọ́ oòrùn.

Ṣé àwọ̀ dúdú kò wá ní ààbò tirẹ̀ ni? Ó ní in. Ìwádìí kan tó jáde ní 1979 fi hàn pé ààbò tí awọ dúdú ní sí UVB tó SPF 13, nígbà tí ti òyìnbó jẹ́ nǹkan bí 3. Ìdí nìyẹn tí awọ wa kì í fi í tètè jó kó sì bó bíi tiwọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí awọ rẹ̀ kì í gba nǹkan ní ìṣòro mìíràn. Nígbàkúgbà tí àléfọ́ tàbí rorẹ́ bá lọ, ó ń fi àpá dúdú sílẹ̀, UVA sì ń mú kí àpá yẹn ṣú sí i kó sì pẹ́ lára. Kódà ìmọ́lẹ̀ lásán tí ojú wa ń rí máa ń mú un ṣú lára aláwọ̀ dúdú. Ó wá jẹ́ pé ẹni tí ara rẹ̀ ń yún jù ni oòrùn ń fi àmì sí lára jù, ẹni náà gan-an ni wọ́n sì ń sọ fún pé kó má lo ìpara oòrùn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń burú ni pé ẹni tí àpá kún ojú rẹ̀ yóò wá ìpara tí ń "tú ojú" lọ. Hydroquinone, kẹ́míkà tí ń bó àwọ̀, ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀, òmíràn sì ní steroid líle, ìyẹn oògùn tí ń mú wíwú àti yíyún rọlẹ̀. Steroid ń sọ awọ di fẹ́lẹ́, hydroquinone ń mú melanin, èròjà tó ń sọ awọ di dúdú tó sì ń dáàbò bò ó, dínkù, oòrùn yóò sì wá rí ọ̀nà wọlé ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Tí ènìyàn bá lo hydroquinone pẹ́, awọ orí egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ lè di dúdú tó fẹ́ jọ búlúù, èyí sì ṣòro wò gan-an. Fún àfín, ọ̀rọ̀ náà tún le ju báyìí lọ. Awọ wọn kò fi bẹ́ẹ̀ ní melanin, ewu jẹjẹrẹ awọ sì súnmọ́ wọn. Ní Moshi, ní Tanzania, ibùdó ìtọ́jú awọ kan ń po ìpara oòrùn fún àwọn àfín nítorí ìyẹn gan-an. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún àfín pé òrí tó o.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ìpara oòrùn tó yún yín. Kì í ṣe ohun kan náà ló ń fà á nígbà gbogbo, àkókò tó bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó wà lára ni yóò sì tú àṣírí rẹ̀. Tó bá ta yín láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, tó gbóná, tí ojú ń ṣomi, tó sì lọ nígbà tí ẹ fọ̀ ọ́ kúrò, ó kàn ta awọ lásán ni, kì í ṣe pé ara kọ̀ ọ́. Ọtí inú ìpara tàbí èyí tó ṣàn wọ ojú ló sábà máa ń fà á. Tó bá jẹ́ ọjọ́ kan sí mẹ́ta lẹ́yìn tí ẹ fi para ni ara bẹ̀rẹ̀ sí í yún, tó ń yọ kókó, tó sì dé gbogbo ibi tí ìpara kàn, a jẹ́ pé ara kọ èròjà kan nínú rẹ̀. Lọ́fínńdà ni ẹ kọ́kọ́ fura sí, lẹ́yìn náà ni àwọn èròjà tí wọ́n fi ń tọ́jú ìpara kó má bàjẹ́, pàápàá methylisothiazolinone.

Ẹ̀yà kẹta ni ọ̀pọ̀ kì í mọ̀. Ìpara náà kò ṣe yín ní nǹkan kan nínú ilé, àfi tí oòrùn bá kan ibi tí ẹ fi sí. Ẹ lọ síwájú dígí. Tí iwájú orí, imú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti àyà níbi ọrùn aṣọ bá yọ, tí abẹ́ àgbọ̀n, ẹ̀yìn etí àti ìpéǹpéjú sì mọ́ lóló, oòrùn ti dá sí i. Oxybenzone, tí wọ́n tún ń kọ bíi benzophenone-3, àti octocrylene, èròjà méjì tí wọ́n fi ń dá oòrùn dúró nínú ìpara, ni wọ́n lókìkí jù fún irú èyí. Octocrylene tún ní ọ̀nà mìíràn tó ń gbà wọlé. Ẹni tí jẹ́ẹ̀lì ketoprofen, oògùn ìrora tó fi ń pa orúnkún, bá ti yọ sí lára rí nínú oòrùn, ara rẹ̀ lè kọ octocrylene bí kò tilẹ̀ lò ó rí.

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ìpara kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Oògùn tí ẹ ń lò ló sọ awọ di ẹlẹgẹ́ sí oòrùn: doxycycline, ciprofloxacin, Septrin, àti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ní hydrochlorothiazide bíi Moduretic. Ẹ má dá oògùn dókítà dúró fúnra yín. Ẹ sọ fún un, ó lè pààrọ̀ rẹ̀. Ọsàn wẹ́wẹ́ tí àwọn kan fi ń fọ ojú nítorí rorẹ́ náà ń ṣe é. Omi rẹ̀ ní èròjà tí UVA ń mú bínú, ojú lè léròrò lọ́jọ́ kan sí mẹ́ta lẹ́yìn náà, kí ó sì fi àpá tó tẹ̀lé bí omi náà ṣe ṣàn sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ ra òmíràn, ẹ̀yìn ike ni kí ẹ kà, kì í ṣe iwájú rẹ̀. Zinc oxide tàbí titanium dioxide nìkan ni kí ẹ rí níbi tí wọ́n kọ èròjà tí ń dá oòrùn dúró sí. Méjèèjì kì í sábà fa kí ara kọ̀ ọ́. SPF kò gbọdọ̀ dín ní 30, kí wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ń dá UVA náà dúró. Tí ẹ bá rí fragrance tàbí parfum, ìyẹn lọ́fínńdà, ẹ dá a padà. Ọ̀rọ̀ "natural" lára ike kò dáàbò bo ẹnikẹ́ni, nítorí òróró olóòórùn dídùn láti ara ewé àti òdòdó wà lára ohun tí ara ń kọ̀ jù. Òótọ́ ni pé zinc oxide máa ń fi ojú sílẹ̀ ní funfun. Ẹ wá èyí tó ní àwọ̀ bíi ti ara, tí wọ́n fi ẹ̀tù aláwọ̀ tí wọ́n ń pè ní iron oxides sí. Yóò bá àwọ̀ yín mu, iron oxides yẹn náà ló sì ń dá ìmọ́lẹ̀ tí ń mú àpá ṣú dúró. Lójú tiwa, aláwọ̀ dúdú tí àléfọ́ ń dà láàmú kò rí ohun tó dára ju irú rẹ̀ lọ.

Ẹ má fi í pa ojú lọ́jọ́ tí ẹ bá rà á. Ẹ fi díẹ̀ pa inú apá, nísàlẹ̀ ìgbúnwọ́ díẹ̀, ojú kan náà, láàárọ̀ àti lálẹ́, fún ọjọ́ méje. Ẹni tó bá dán an wò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tó sì ní "kò ṣe mí ní nǹkan kan" kò tíì dán an wò, torí pé ara lè gbà á lọ́jọ́ kìíní kó tó kọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kẹrin. Tí ọjọ́ méje bá pé láìsí nǹkan, ẹ fi pa ẹ̀gbẹ́ ọrùn níbi tí oòrùn ń dé, fún ọjọ́ mẹ́ta sí i.

Ìwọ̀n lílò ni ọ̀pọ̀ ti ń kùnà. Nígbà tí wọ́n ń wọn SPF, mílígíráàmù 2 ni wọ́n ń fi sórí sẹ̀ǹtímítà kan níbùú lóròó, àwa sì sábà máa ń lo ìdajì rẹ̀ tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Ojú, etí àti ọrùn fẹ́ nǹkan bí ìdajì ṣíbí tíì, ìyẹn mílílítà 2.5. Gbogbo ara àgbàlagbà ń gba nǹkan bíi ṣíbí tíì mẹ́fà. Ike mílílítà 50 tí ẹ ń lo ìdajì ṣíbí nínú rẹ̀ lójoojúmọ́ yóò tán ní 20 ọjọ́. Tó bá lò tó oṣù mẹ́rin lọ́wọ́ yín, SPF 30 tí ẹ rà kò dé ara yín. Ẹ tún un fi lẹ́yìn wákàtí méjì méjì tí ẹ bá wà níta, kí ẹ sì kọ́kọ́ fi aṣọ tẹ òógùn gbẹ láìfi ra ara.

Òrí wá ńkọ́? Alẹ́ ni kí ẹ máa lò ó. Tí ara bá gbẹ jù láàárọ̀, ẹ fi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ pa á, ẹ dúró bí ìṣẹ́jú 15 sí 20 kó wọra, kí ẹ tó fi ìpara oòrùn lé e. Ẹ máa tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ni, ẹ má fà á. Tí òrí bá pọ̀ lábẹ́, ìpara yóò máa yọ̀, ibi kan yóò nípọn, ibòmíràn yóò sì wà lófo. Àwọn kan sì ti ń ra ẹ̀tù zinc oxide tí wọ́n ń pò ó mọ́ òrí nílé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é. Ọwọ́ kò lè rò ó kúnná, yóò ní kókó bí àmàlà tí wọn ò rò dáadáa, oòrùn yóò sì máa gba àárín kókó wọlé láìjẹ́ pé ojú yín rí i. Ilé iṣẹ́ ní ẹ̀rọ tí ń pín ẹ̀tù náà ká, wọ́n sì ń wọ̀n ọ́ kó tó jáde.

Ibi tí àléfọ́ bá ti bó tàbí tó ń ṣomi, ẹ má fi ìpara oòrùn kankan sí i, aṣọ ni kí ẹ fi bò ó. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà náà, òjìji àti aṣọ ni tirẹ̀. Aṣọ ní tòótọ́ kì í sábà bá ara ẹnikẹ́ni jà tí ẹ bá kọ́kọ́ fi omi fọ̀ ọ́ kí ẹ tó wọ̀ ọ́. Ẹ gbé e sókè síwájú ìmọ́lẹ̀: bí ìmọ́lẹ̀ bá ń gba inú rẹ̀ wọlé, oòrùn náà ń wọlé. Síńgílẹ́ẹ̀tì funfun tí òógùn ti rin kò dá nǹkan púpọ̀ dúró. Fìlà gọ̀bì kò bo etí, kò sì bo imú. Akẹ̀tẹ̀ tí etí rẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 7 yíká ló ń ṣe é. Láàárín aago mẹ́wàá àárọ̀ sí mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ wá òjìji jù, kódà nígbà tí òfuurufú bá ṣú, nítorí ìtànṣán ń gba inú ìkùukùu kọjá.

Tí ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí tí ara ṣì ń yọ, tàbí tí ojú ń pọ́n láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan gba orí imú bọ́ sí èkejì, tí oríkèé ń dunni tí irun sì ń jábọ́, ẹ lọ rí dókítà awọ. Wọ́n lè lẹ àwọn èròjà náà mọ́ yín lẹ́yìn, kí wọ́n sì tan ìmọ́lẹ̀ UVA sí apá kan wọn, láti mọ èyí tí ara kọ̀ gan-an. Ẹ kó gbogbo ike tí ẹ ń lò dání, ti ìpara, ti ọṣẹ, ti lọ́fínńdà àti ti oògùn, kí ẹ sì ya fọ́tò ara yín lọ́jọ́ tó bá yọ jù, nítorí ó lè ti lọ kí ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín tó pé.