Owó Ìsinmi fún Ẹni tó Ń Tọ́jú Aláìsàn Nílé ní Amẹ́ríkà: Ibi tó Wà àti Bí A Ṣe Ń Bèèrè Rẹ̀

Nígbà tí òṣìṣẹ́ ìjọba bá jókòó sí pálọ̀ yín, tó ṣí fọ́ọ̀mù rẹ̀, tó sì bèèrè bí ìtọ́jú màmá ṣe ń lọ, ìdáhùn tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wa ni "A dúpẹ́." Ọmọlúàbí ló ń dáhùn bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí òṣìṣẹ́ náà yóò kọ sílẹ̀ ni pé kò sí ìṣòro, ibẹ̀ sì ni ìrànlọ́wọ́ tó yẹ kó dé ti máa ń pin. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá àwọn ẹbí Yorùbá ní Amẹ́ríkà kọ irú fọ́ọ̀mù yìí, mo sì ti rí i pé ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n gbà pé kò sí owó fún wọn ni owó wà fún. Ilẹ̀kùn tí wọ́n kàn ni kì í ṣe tiwọn, tàbí kí wọ́n ti fi ìtẹríba bo ìnira wọn mọ́lẹ̀.

Ìsinmi olùtọ́jú ni pé kí ẹlòmíràn wá dúró ti aláìsàn fún wákàtí tàbí ọjọ́ díẹ̀, kí ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ lè sùn, kí ó lọ rí dókítà tirẹ̀, tàbí kí ó kàn jókòó láìsí ẹni tó ń pè é. Ìjọba kì í sábà fi owó ìsinmi yìí lé olùtọ́jú lọ́wọ́. Ẹni tó wá dúró, tàbí ilé tí aláìsàn lọ sùn sí, ni wọ́n máa ń san án fún. Ohun mìíràn tó ṣe pàtàkì ni pé àárẹ̀ yín nìkan kò lè ṣí ilẹ̀kùn náà. Ọjọ́ orí aláìsàn, irú àìsàn tó ń ṣe é, iṣẹ́ ológun tó ti ṣe rí àti káàdì adójútòfò tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló máa ń ṣí i. Ìdí nìyí tí ìbéèrè àkọ́kọ́ tí mo máa ń bèèrè fi máa ń dá lórí ẹni tí wọ́n ń tọ́jú.

Bí ẹni náà bá ti pé ọmọ ọdún 60, tàbí tó bá ní àrùn ìgbàgbé láìka ọjọ́ orí rẹ̀ sí, ẹ kọ́kọ́ lọ sí ọ́fíìsì tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn àgbàlagbà, tí wọ́n ń pè ní Area Agency on Aging, ní agbègbè yín. Láti ọdún 2000 ni ìjọba àpapọ̀ ti dá ètò National Family Caregiver Support Program sílẹ̀, irú àwọn ọ́fíìsì wọ̀nyí ló sì ń lò láti fún àwọn olùtọ́jú ní ìmọ̀ràn, ẹ̀kọ́ àti ìsinmi. Ìyá àgbà tó ti pé ọmọ ọdún 55, tó sì ń tọ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí kò tíì pé 18, náà lè wọ inú ètò yìí. Òfin náà kò sọ pé ẹni tí owó tó ń wọlé fún bá ju iye kan lọ kò lè gbà á, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tí àìní wọn pọ̀ jù ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dá lóhùn. Bí ẹ kò bá mọ ibi tí ọ́fíìsì yín wà, ẹ pe Eldercare Locator lórí 1-800-677-1116. Bí ẹ bá ti bá wọn sọ̀rọ̀, ẹ bèèrè pẹ̀lú bóyá ìpínlẹ̀ yín ń fúnni ní owó ìsinmi lábẹ́ òfin Lifespan Respite Care tí wọ́n ṣe ní 2006, nítorí pé òfin yẹn kò fi ọjọ́ orí aláìsàn dí ẹnikẹ́ni lọ́nà.

Medicare, ìyẹn adójútòfò ìlera ìjọba àpapọ̀ tí àwọn àgbàlagbà sábà máa ń lò, ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń dun àwọn ènìyàn jù, torí wọ́n gbà pé adójútòfò tó ń san owó ọsibítù yóò san owó ìsinmi náà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ti wà lábẹ́ ìtọ́jú hospice, ìyẹn ìtọ́jú àwọn tí àìsàn wọn kò gbóògùn mọ́, ni Medicare máa ń gbà kí ó lọ sùn sí ọsibítù tàbí ilé ìtọ́jú arúgbó fún ọjọ́ tí kò ju 5 lọ lẹ́ẹ̀kan kí olùtọ́jú rẹ̀ lè sinmi. Ẹbí yóò san ìdá 5 nínú 100 iye tí Medicare fọwọ́ sí. Ètò tuntun kan tún wà fún àrùn ìgbàgbé, GUIDE ni orúkọ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Keje ọdún 2024. Ó lè san tó 2,500 dọ́là lọ́dún fún ìsinmi olùtọ́jú, bí àrùn náà bá ti wọra, bí aláìsàn bá ń gbé nílé, tó sì jẹ́ Medicare ti ìjọba gan-an ló ń lò, kì í ṣe Medicare Advantage tí àwọn iléeṣẹ́ aládàáni ń bójú tó. Ẹ bi dókítà tó ń tọ́jú àrùn ìgbàgbé náà bóyá ilé ìwòsàn rẹ̀ wà nínú rẹ̀.

Ẹni tó ti ṣiṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà rí, tí orúkọ rẹ̀ sì wà nínú ìwé ìtọ́jú VA, ìyẹn iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó àwọn tó ti ṣiṣẹ́ ológun rí, lè rí ìsinmi tó ọjọ́ 30 gbà lọ́dún fún olùtọ́jú rẹ̀, bí VA bá rí i pé ipò rẹ̀ nílò rẹ̀.

Bí ẹ bá ti mọ ilẹ̀kùn yín, ẹ̀rí ló kù. Obìnrin kan tó ń tọ́jú ìyá rẹ̀ sọ fún mi pé òun "ń gbìyànjú". Mo ní kí ó fi ìwé kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn fún ọjọ́ méje, kí ó máa kọ gbogbo ìgbà tó bá dìde lóru. Ojú ewé àkọ́kọ́ kà báyìí: 12:40, màmá fẹ́ ṣílẹ̀kùn àbájáde, wọ́n ní ọjà ti ń tú, 2:15, mo pààrọ̀ aṣọ ibùsùn, 3:30, wọ́n ń pe ẹ̀gbọ́n wọn tó ti kú, mo jókòó tì wọ́n, 5:00, mo múra ibi iṣẹ́. Òṣìṣẹ́ tó wá ṣàyẹ̀wò ka ojú ewé náà lẹ́ẹ̀mejì, ó gbójú sókè, ó ní: "Ìgbà wo lẹ wá ń sùn?" Látìgbà náà ni mo ti ń sọ fún gbogbo ẹbí pé kí wọ́n ní ìwé yìí lọ́wọ́ kí òṣìṣẹ́ tó dé, kí wọ́n sì sọ bí ọjọ́ tó burú jù ṣe rí, kì í ṣe ọjọ́ tí ara màmá yá.

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé bí àwọn bá bèèrè, yóò dà bíi pé àwọn ti kọ òbí sílẹ̀. Òótọ́ ni pé òkété tó bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ló ń mu, ṣùgbọ́n ọmọ náà gbọ́dọ̀ jẹun, kí ó sì sùn, kí ọmú náà má baà gbẹ.

Ó ku Medicaid, ìyẹn adójútòfò ìlera ìjọba fún àwọn tí owó tó ń wọlé fún wọn kò pọ̀, òun ló sì ń gba sùúrù jù. Láti 1981 ni òfin ti gba àwọn ìpínlẹ̀ láàyè láti fi owó Medicaid tọ́jú ènìyàn nínú ilé tirẹ̀, bí ipò rẹ̀ bá ti tó kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìtọ́jú arúgbó. Nínú ọ̀pọ̀ irú ètò bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ń pè ní waiver, owó ìsinmi wà níbẹ̀, àwọn ìpínlẹ̀ kan sì máa ń jẹ́ kí ẹbí yan ẹni tí yóò wá dúró. Òbí tí ọmọ rẹ̀ fi green card mú wá kì í sábà rí Medicaid gbà títí yóò fi pé ọdún márùn-ún pẹ̀lú ìwé náà, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ́kọ́ rán irú ẹbí bẹ́ẹ̀ sí ọ́fíìsì àwọn àgbàlagbà tí mo dárúkọ lókè. Ẹni tó bá lẹ́tọ̀ọ́ sí waiver gan-an sì lè pẹ́ lórí ìlà, nítorí náà ẹ fi orúkọ sílẹ̀ nísinsìnyí, bí agbára yín ṣì tilẹ̀ gbé e. Ẹbí kan tí mo bá ṣiṣẹ́ kó lọ sí ilé mìíràn láìfi tó ọ́fíìsì tó ń tọ́jú ìlà náà létí. Lẹ́tà tí wọ́n fi bèèrè bóyá wọ́n ṣì ń dúró kò bá wọn nílé, wọ́n sì yọ orúkọ bàbá kúrò lórí ìlà. Bí àdírẹ́sì tàbí nọ́ńbà fóònù yín bá yí padà, ẹ pè wọ́n lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì kọ orúkọ ẹni tó dá yín lóhùn àti aago tí ẹ pè sílẹ̀.