Ìtọ́jú ẹ́ńjìnnì sikúútà tuntun

Rọ́níìn ni àwọn mẹkáníìkì ń pe sáà tí ẹ́ńjìnnì tuntun fi ń bára mu, nígbà tí àwọn irin inú rẹ̀ ń ha ara wọn fún ìgbà àkọ́kọ́. Lórí sikúútà, sáà náà sábà máa ń jẹ́ 500 sí 1,000 kìlómítà àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé kí wọ́n ṣáà máa rọra rìn ni gbogbo rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kò mọ síbẹ̀: bí ẹni tó gùn ún ṣe ń fún un níná (ìyẹn bó ṣe ń yí ọwọ́ tó ń fún ẹ́ńjìnnì ní epo), bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń gbóná tó, àti ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ da ọ́ìlì rẹ̀ nù, gbogbo rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ lórí ọjọ́ ogbó ẹ́ńjìnnì náà.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú sílíńdà

Písítìn ni irin tó ń lọ sókè sódò nínú ihò róbótó tí wọ́n ń pè ní sílíńdà, ríìngì sì ni òrùka irin tó yí i ká. Ibi tí iṣẹ́ pọ̀ sí jù ni àárín ríìngì písítìn àti ògiri sílíńdà. Ilé iṣẹ́ kì í jẹ́ kí ògiri yìí dán bíi dígí. Wọ́n máa ń fi òkúta fín ìlà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ sí i, tí àwọn ìlà náà ń dábùú ara wọn. Inú kòtò àwọn ìlà yìí ni ọ́ìlì ń dúró sí, góńgó wọn ni ríìngì sì ń ha kúrò díẹ̀díẹ̀ títí òun àti ògiri yóò fi fẹnu kora.

Kì í ṣe líle ríìngì fúnra rẹ̀ nìkan ló ń tì í mọ́ ògiri. Bí epo bá ti jó, afẹ́fẹ́ gbígbóná a gba ẹ̀yìn ríìngì, a sì tì í síta. Ìdí nìyí tí gígun sikúútà tuntun jẹ́jẹ́ jù náà fi lè bà á jẹ́. Bí iná bá kéré nígbà gbogbo, ríìngì kò ní tẹ ògiri dáadáa. Ọ́ìlì tó jóná a lẹ̀ mọ́ ojú àwọn ìlà náà, a sì dí wọn. Láti ìgbà náà lọ, ọ́ìlì a máa gba ẹ̀gbẹ́ ríìngì bọ́ síbi tí epo ti ń jó, èéfín aláwọ̀ aró a sì máa jáde ní sàlẹ́ńsà. Àwọn kan máa ń tan ẹ̀rọ tuntun sílẹ̀ fún wákàtí gbọọrọ lórí ìdúró, wọ́n ní àwọn ń ṣe rọ́níìn. Kò dípò gígùn ún rárá, nítorí ẹ́ńjìnnì tó dúró sójú kan kò ru ẹrù kankan.

Ewu kejì ni ooru. Bí wọ́n bá gbóná bákan náà, písítìn alumíníọ̀mù máa ń wú tó ìlọ́po méjì sílíńdà onírin dídà. Nígbà tí wọn kò tíì bára mu, bí wọ́n ṣe ń ha ara wọn ń mú ooru tirẹ̀ wá, àyè tó wà láàárín wọn kò sì tó nǹkan. Abẹ́ ìbòrí ni ẹ́ńjìnnì sikúútà wà. Lára àwọn tí kì í fi omi tu ẹ́ńjìnnì, fáànù tí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ń yí ló ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i. Gígun òkè gígùn pẹ̀lú èrò lẹ́yìn, tí wọ́n ṣí iná tán tí ọkọ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ rìn, ni ó máa ń fìyà jẹ ẹ́ńjìnnì tuntun jù.

Ìlànà àwọn tó ń ṣe é

Ìwé ìlò Piaggio, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe Vespa, sọ pé ní 1,000 kìlómítà àkọ́kọ́, kí eré má ṣe ju ìdá 80 nínú 100 eré tí ọkọ̀ náà lè sá, kí wọ́n má sì dúró sórí eré kan ṣoṣo lọ́nà jíjìn. Ti Honda kúrú: 500 kìlómítà, láìsí ṣíṣí iná lójijì àti bíréèkì líle. Nínú ìwé àwọn ọkọ̀ kékeré kan tí Yamaha ṣe, wọ́n pín in sí ìpele: títí dé 150 kìlómítà, kí iná má ju ìdá kan nínú mẹ́ta, títí dé 500, kí ó má ju ìdajì, títí dé 1,000, kí ó má ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin.

Àwọn mìíràn takò èyí. Wọ́n ní ríìngì ń jókòó láàárín kìlómítà díẹ̀ péré, nítorí náà kí wọ́n fún un níná dáadáa láti ìbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì máa dín in kù lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Àríyànjiyàn náà pọ̀ ju ìyàtọ̀ tó wà nídìí rẹ̀ lọ: ìhà méjèèjì gbà pé kí ẹ́ńjìnnì kọ́kọ́ móoru kó tó ṣiṣẹ́, kí eré máa lọ sókè sódò, kí ọ́ìlì àkọ́kọ́ má sì pẹ́ níbẹ̀.

Lórí sikúútà tí kò ní jíà àfọwọ́yí, bẹ́líìtì àti àwọn róòlà ló ń pinnu bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí sí eré. Ẹni tó gùn ún kò lè fi jíà darí rẹ̀. Ọwọ́ iná nìkan ló ní.

Vespa àtijọ́

Ọdún 1946 ni Piaggio gbé Vespa, tí Corradino D'Ascanio, onímọ̀ ẹ̀rọ ọkọ̀ òfuurufú, yàwòrán rẹ̀, jáde ní Ítálì pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì 98 cc. Ẹ́ńjìnnì tùú-sítíróòkù ni, èyí tí wọ́n ń po ọ́ìlì mọ́ epo bẹntiróòlù rẹ̀: ìdá 5 nínú 100 ní ìbẹ̀rẹ̀, tó wá di ìdá 2, ìyẹn 20 mìlílítà sí lítà kan, nígbà tó dé orí àwọn irú bíi PX. Lórí ẹ́ńjìnnì báyìí, bí písítìn bá há sínú sílíńdà, táyà ẹ̀yìn a dúró gbagidi lórí eré. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń gun irú Vespa yìí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì jẹ́ tuntun fi máa ń gbé ìka lé ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì, èyí tó ń já ẹ́ńjìnnì kúrò lára táyà, kí wọ́n lè fà á kíákíá. Sikúútà òde òní kò ní wàhálà yìí, torí pé kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ń tú fúnra rẹ̀ bí ẹ́ńjìnnì bá dúró.

Ọ́ìlì àkọ́kọ́

Bí wọ́n bá tú ọ́ìlì àkọ́kọ́ ẹ́ńjìnnì fóò-sítíróòkù (èyí tí wọn kì í po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀) sínú abọ́ tí wọ́n sì gbé e sí oòrùn, a máa ń tàn yẹ́ríyẹ́rí: ìyẹ̀fun irin tó ha kúrò lára ríìngì, sílíńdà àti àwọn jíà ni. Asẹ́ ọ́ìlì náà sábà máa ń ní ìdọ̀tí, ó sì yẹ kí wọ́n fọ̀ ọ́. Ní 1,000 kìlómítà, Piaggio tún ní kí wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì jíà tó wà ní ìdí táyà ẹ̀yìn, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbàgbé nítorí pé ihò rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ẹ́ńjìnnì.

Táyà tuntun máa ń yọ̀, bíréèkì tuntun kì í sì mú dáadáa kí ojú rẹ̀ tó ha. Èyí kan sikúútà oníná mànàmáná náà, bí kò tilẹ̀ ní písítìn.

Ẹ́ńjìnnì tòkúnbọ̀ tí wọ́n bóò sílíńdà rẹ̀, ìyẹn tí wọ́n gbẹ́ inú rẹ̀ kó fẹ̀ sí i, tí wọ́n sì fi písítìn tó tóbi jù ti tẹ́lẹ̀ sí (ti Vespa máa ń fi 0.2 mìlímítà ju ara wọn lọ) ti padà di tuntun níbi tó kan ríìngì, rọ́níìn kan náà ni wọ́n sì ń ṣe fún un.