Kí ló dé tí orin Gaspar Sanz fi ń dún yàtọ̀ lórí gìtá àtijọ́?

Ìbéèrè: Mo gbọ́ "Canarios" tí Sanz, onígìtá Sípéènì kan láyé àtijọ́, kọ, lórí gìtá òde òní, mo tún gbọ́ ọ lórí gìtá àtijọ́, ó wá dà bíi pé orin méjì ni. Ṣé torí pé gìtá yẹn ti gbó ni?

Rárá o. Ọ̀pọ̀ nínú gìtá àtijọ́ tẹ́ ẹ̀ ń gbọ́ yẹn, tuntun ni wọ́n, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ló wo ojúlówó tó ṣẹ́ kù tí wọ́n fi kàn án (Stradivari tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ fáólìn náà ṣe gìtá, èyí tó ṣe lọ́dún 1679 ṣì wà títí dòní). Bí wọ́n ṣe to okùn ẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Gìtá tiwa ní okùn mẹ́fà, àmọ́ ní Sípéènì láyé Sanz, ọ̀wọ́ márùn-ún ló ní, okùn méjì-méjì ló wà nínú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan, ti àkọ́kọ́ (èyí tó jìnnà jù sí àtàǹpàkò) nìkan ló sábà máa ń jẹ́ ẹyọ kan.

Ìbéèrè: Ṣé okùn kẹfà tí kò sí níbẹ̀ ló wá fà á?

Ìyẹn kéré. Lórí gìtá wa, bẹ́ ẹ bá ṣe ń sún mọ́ ọ̀dọ̀ àtàǹpàkò ni ohùn á máa wálẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n Sanz, nínú ìwé tó tẹ̀ ní Zaragoza lọ́dún 1674, okùn tín-ín-rín ló fẹ́ ká fi sí ọ̀wọ́ kẹrin àti ìkarùn-ún, ìyẹn wá sọ ọ̀wọ́ kẹta tó wà láàárín di èyí tóhùn ẹ̀ wálẹ̀ jù. Ẹ wò ó: ẹ ta ìkẹta, ó dún G, ìkarùn-ún, A, ìkejì, B, ìkẹrin, D, àkọ́kọ́, E. Ẹ ò tíì tẹ frẹ́ẹ̀tì kankan (ìyẹn àwọn ìlà tó dábùú ọrùn gìtá) o, ohùn ti ń gòkè létòlétò, torí pé okùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni, ọ̀kan ò tíì dákẹ́ tí òmíì á ti wọlé, wọ́n á máa ró mọ́ra wọn bí agogo. Ẹ wá ta nǹkan kan náà lórí gìtá òde òní, A á já sísàlẹ̀ G, D náà á já, orin tó yẹ kó máa gòkè á wá máa bẹ́ sókè-sódò. Ìka yín ò ṣi ibì kankan tẹ̀, okùn ni.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbà fáwọn tó ń sọ pé àṣehàn làwọn tó ń lo gìtá àtijọ́ ń ṣe, bí okùn ṣe tò wà nínú orin yẹn látìgbà tí wọ́n ti kọ ọ́.

Ìbéèrè: Ṣé gbogbo onígìtá Sípéènì ló ń to okùn báyẹn?

Rárá. Sanz ti gbé Ítálì, ó ní àwọn ọ̀gá ní Róòmù kì í fi okùn tó wúwo sí i, àmọ́ wọ́n ń fi sí i ní Sípéènì. Kò bá ẹnikẹ́ni jà, ó ní ẹni tó bá fẹ́ ariwo tàbí tó fẹ́ fi gbe orin lẹ́sẹ̀, kó fi èyí tó wúwo sí i, àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ fìka ṣa nóòtì níkọ̀ọ̀kan kó dùn létí, tín-ín-rín ni kó lò.

Ìbéèrè: Okùn yẹn gan-an ńkọ́?

Ìfun ẹran ni. Frẹ́ẹ̀tì pàápàá, ìfun tí wọ́n so mọ́ ọrùn gìtá ni, wọ́n lè sún un. Àárín ọdún 1940 sí 1950 ni okùn náílọ́ọ̀nù ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé.

Ìbéèrè: Ṣé òótọ́ ni pé ọwọ́ aláwọ̀ dúdú wà nínú orin gìtá àtijọ́ yẹn?

Òótọ́ ni, ó sì wù mí kí wọ́n máa sọ ọ́ síta dáadáa. Ìwé àfọwọ́kọ orin Santiago de Murcia, onígìtá Sípéènì míì, kan tí wọ́n rí ní Mẹ́síkò lọ́dún 1943 ní orin kan tó ń jẹ́ "Cumbees", ìwé atúmọ̀ èdè tí wọ́n tẹ̀ ní Sípéènì lọ́dún 1729 sì sọ pé ijó àwọn aláwọ̀ dúdú ni cumbé. Tẹ́ ẹ bá ta á, ẹ máa rí ibi tí wọ́n ti ní kéèyàn fọwọ́ lu ara gìtá.

Ìbéèrè: Gìtá òde òní nìkan ni mo ní, kí ni kí n ṣe?

Ẹ ra okùn àkọ́kọ́ kan àti ìkejì kan sí i, náílọ́ọ̀nù o, kì í ṣe wáyà. Ẹ tú ìkẹrin, kẹ́ ẹ fi okùn àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ rà síbẹ̀, ẹ dẹ̀ ẹ́ wá sí D. Ẹ tú ìkarùn-ún, ẹ fi okùn ìkejì síbẹ̀, ẹ dẹ òun náà wá sí A. Ẹ má fọwọ́ kan ìkẹfà. Ẹ wá ta Sanz bó ṣe kọ ọ́, àmọ́ tí ẹnì kan bá ní kẹ́ ẹ wá gbe orin fóun lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹ yáa dá àwọn okùn tó wúwo padà kẹ́ ẹ tó lọ.